Ìlà Kékeré Inú Ohùn Áltò

Àwọn tó fẹ́ràn ọ̀rọ̀ ẹlọ́rọ̀ sọ ọ́ káàkiri Ẹ̀gbẹ́dá pé ẹlòmíì ló wọ àárín Ìbíyẹmí Olúbọ̀dé àti Simeon Ṣóbọ̀wálé. Àwọn kan tilẹ̀ ní ayé ló ń ṣe wọ́n. Ẹ dákun, ẹ má dá wọn lóhùn. Ohun tó wọ àárín wọn kò gùn tó èékánná ọmọ ọwọ́. Ìlà kékeré kan ni, tó yẹ kí Simeon kọ sínú ìwé orin, tí kò kọ.

Ọdún 1987 ni Simeon kọ́kọ́ wọ yàrá tí àwọn akọrin ti ń kọ́ orin. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba yàrá kan ní Dópẹ̀mú ni, ó ń ṣe akọ̀wé ní ilé iṣẹ́ kan ní Ìkejà, ó sì ní ohùn tẹ́nọ̀ tó mọ́ gaara. Àmọ́ ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ ni Olùkọ́ fẹ́ràn jù. Olùkọ́ ni gbogbo èèyàn ń pe bàbá Ìbíyẹmí, ọ̀gá àwọn akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà kan lẹ́bàá títì Ìdímù. Oǹdó ló ti wá, ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, ìyàwó rẹ̀ ti di olóògbé. Ìbíyẹmí nìkan ni ọmọ tó ń bá a gbé, tíṣà ni òun náà, ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Àkọ́wọ́njo.

Títí di ìgbà náà, Ìbíyẹmí ló ń da orin kọ fún ẹgbẹ́ akọrin. Nígbà tí Olùkọ́ rí bí lẹ́tà Simeon ṣe tò gún régé, ó ní kí ọmọ òun kọ́ ọ níṣẹ́ náà. Bàbá ò mọ̀ pé iná ni òun fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ epo.

Ìbíyẹmí na ìka sí ìwé dò-rè-mí tó wà níwájú wọn. “Bí o bá rí lẹ́tà, kọ ọ́. Bí o bá rí ìlà kóńkó lábẹ́ lẹ́tà, kọ òun náà, ohùn ìsàlẹ̀ nìyẹn. Ìlà kékeré tó dùbúlẹ̀ lẹ́yìn lẹ́tà yìí, ó ń sọ fún akọrin pé kó má dákẹ́, kó máa fa ohùn tó wà lẹ́nu ẹ̀ lọ. Ibi tó bá ṣófo, kó dákẹ́ nìyẹn.”

“Bí mo bá wá rí àṣìṣe ńkọ́?”

“O ò ní í rí àṣìṣe.”

“Àbí Olùkọ́ kì í ṣe èèyàn ni?”

Ẹ̀rín pa Ìbíyẹmí, ó sì wo ẹnu ọ̀nà kí bàbá rẹ̀ má baà gbọ́. “O máa rí ohun tó jọ àṣìṣe. Fi pẹ́ńsù ṣe àgbélébùú kékeré sí etí ìwé, kí o wá bi ẹni tó ni orin. Má fọwọ́ ara ẹ tún un ṣe láéláé. Òfin Bàbá nìyẹn. Ó ti lé èèyàn kúrò nínú ẹgbẹ́ yìí nítorí ẹ̀.”

Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀lé e, Simeon gbé ìwé kan wá bá a, ó ti ṣe àgbélébùú kékeré sí etí rẹ̀. Ìbíyẹmí wo ìlà náà lókè, ó wò ó nísàlẹ̀, ó kọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ lẹ́nu. Kò rí nǹkan kan.

“Kí lo rí níbí?”

“Mi ò rí nǹkan kan,” Simeon dáhùn. “Mo kàn fẹ́ kí o wá jókòó tì mí ni.”

Ó yẹ kí Ìbíyẹmí bínú, ó tilẹ̀ gbìyànjú rẹ̀, àmọ́ ojú rẹ̀ ò gbà fún un. Obìnrin tó ti lé lẹ́ni ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, tí gbogbo àwọn tí wọ́n jọ kàwé ti lọ sílé ọkọ, ọkàn rẹ̀ kì í ṣe òkúta. Láti ọjọ́ náà lọ, àgbélébùú pọ̀ létí ìwé ẹgbẹ́ akọrin ju ti itẹ́ òkú lọ, Olùkọ́ sì ń yin ọmọkùnrin náà pé ó fara balẹ̀.

Ẹnì kan wà tí ojú rẹ̀ là ju ti Olùkọ́. Ìyá Tòún ni, aránṣọ tó ní ṣọ́ọ̀bù lójú títì Ẹ̀gbẹ́dá sí Ìdímù. Ó ti ń kọ áltò láti ìgbà tí ìyá Ìbíyẹmí ti wà láyé. Lọ́jọ́ kan, àwọn olólùfẹ́ méjèèjì wọlé láti rán aṣọ fún Ìbíyẹmí.

“Mo fẹ́ kí ọrùn ẹ̀ rí bíi…” ni Ìbíyẹmí bẹ̀rẹ̀.

“Roboto,” ni Simeon parí rẹ̀. “Ìyá Tòún, ẹ ṣe é roboto. Ìyẹn ló máa yẹ ẹ́ jù.”

Ọrùn onígun mẹ́rin ni Ìbíyẹmí ní lọ́kàn. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n ṣe roboto náà. Inú rẹ̀ dùn pé ẹnì kan wà láyé tó ń ronú nípa ọrùn aṣọ òun. Ìyá Tòún gbé téèpù ìwọnṣọ kọ́ ọrùn, ó wo Simeon, ó sì wo Ìbíyẹmí.

*

Lẹ́yìn ọdún kan, nígbà tí ṣọ́ọ̀ṣì ń palẹ̀ mọ́ fún àjọ̀dún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n rẹ̀, Olùkọ́ ti ilẹ̀kùn mọ́rí, ó ń kọ orin. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wò ó, títí kan ọmọ rẹ̀. Nígbà tó parí, Simeon nìkan ló gbé e fún kó dà á kọ sórí sítẹ́ńsù, ìwé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n máa ń fi kálámù onírin kọ, kí wọ́n tó yí i lórí ẹ̀rọ ní ọ́fíìsì ṣọ́ọ̀ṣì.

Simeon gbọ́n, ó sì fẹ́ràn àgbà. Ẹ rántí ìyẹn, torí pé ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti wá. Bó ṣe ń dà á kọ, ó dé ibì kan tí gbogbo ohùn pa pọ̀ lórí ọ̀rọ̀ kan, “Olúwa, a ṣì wà.” Lẹ́yìn “wà” yẹn, ibi ti sopránò ṣófo, ti tẹ́nọ̀ ṣófo, ti báàsì ṣófo. Ti áltò nìkan ló ní ìlà kékeré tó dùbúlẹ̀ síbẹ̀. Kí ni áltò nìkan á máa fà nígbà tí gbogbo ayé ti dákẹ́? Ojú àgbà ni, ni Simeon sọ lọ́kàn ara rẹ̀. Ó mú pẹ́ńsù láti ṣe àgbélébùú, ló bá tún gbé e sílẹ̀. Ṣé kí òun gbé àṣìṣe lọ síwájú ẹni tí òun fẹ́ fi ṣe àna? Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé, ṣebí ṣe ló máa ń bo àgbà láṣìírí. Ó fi ibẹ̀ sílẹ̀ lófìfo, ó sì lọ sùn wọ̀ọ̀.

Ìrọ̀lẹ́ Sátidé ni wọ́n kọ́kọ́ gbé orin náà kọ. Olùkọ́ wọ àgbádá funfun, bí ẹni pé ọjọ́ Àìkú ló dé. Ó gbé ọwọ́ sókè, wọ́n bẹ̀rẹ̀, orin náà sì dùn gan-an. Wọ́n dé “Olúwa, a ṣì wà,” gbogbo ohùn gé e lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọwọ́ ọ̀tún Olùkọ́ wálẹ̀. Ọwọ́ òsì rẹ̀ kò wálẹ̀, ó nà án sí àwọn áltò, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ là sílẹ̀ bíi ti ẹni tó fẹ́ gba nǹkan.

“Ẹ tún un kọ.”

Wọ́n tún un kọ. Wọ́n tún dákẹ́ níbì kan náà.

“Áltò, ta ló ní kí ẹ dákẹ́?”

Àwọn obìnrin ń wo ara wọn. Ìbíyẹmí ló dáhùn. “Ibẹ̀ ṣófo, sà.”

Olùkọ́ sọ̀ kalẹ̀, ó gba ìwé lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, ó gbé e súnmọ́ ojú. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò le rárá, ìyẹn ló sì ba Ìbíyẹmí lẹ́rù.

“Simeon.”

Simeon dìde. Ẹ̀rín kékeré wà lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀rín ẹni tó ń retí ọpẹ́. “Ẹ má bínú, sà. Mo rí i pé ó ṣèèṣì ni. Àwọn ohùn tó kù ti dákẹ́. Mi ò fẹ́ kí ó dójú tì yín níwájú èèyàn, ni mo bá bò ó.”

“O bò ó.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

Olùkọ́ bẹ̀rẹ̀ sí gba ìwé náà padà lọ́wọ́ àwọn akọrin, lọ́kọ̀ọ̀kan, bó ṣe máa ń gba ìwé ìdánwò láyé ìgbà tó ń ṣe tíṣà. Ó kó gbogbo rẹ̀ sábẹ́ apá, ó sì jáde lọ sílé. Kò kí ẹnikẹ́ni.

*

Simeon tọrọ àforíjì títí. Ó dọ̀bálẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ Olùkọ́, Olùkọ́ ní kó dìde, pé kò sí ìjà. Àmọ́ orin náà kò jáde lọ́jọ́ àjọ̀dún. Orin àtijọ́ ni wọ́n kọ.

Nígbà tí ilẹ̀ rọ̀ díẹ̀, Simeon bẹ Ìyá Tòún pé kó ṣe alárenà fún òun. Ìyá Tòún wé gèlè, ó lọ bá Olùkọ́ nílé. Ìbíyẹmí dúró sí kọ̀rọ̀ ilé ìdáná, ó di ìdérí ìkòkò mú láìmọ̀ pé òun dì í mú.

“Òdòdó kan wà nínú ọgbà yín,” ni Ìyá Tòún bẹ̀rẹ̀, “ọmọ wa Simeon rí i, ó sì…”

“Ìyá Tòún, ẹ má da ara yín láàmú. Mi ò gbà.”

“Olùkọ́! Nítorí ìlà kékeré?”

“Ẹni tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ tún nǹkan onínǹkan ṣe láìbéèrè, á tún ìyàwó rẹ̀ ṣe. Á máa tún un ṣe títí kò fi ní í ku ohun kan lára rẹ̀ tó jẹ́ tirẹ̀.”

“Àánú yín ló ṣe ọmọ yẹn tó fi ṣe é.”

“Mo mọ̀. Irú wọn ló burú jù.”

Ìdérí já bọ́ lọ́wọ́ Ìbíyẹmí, ó dún gbàgà lórí sìmẹ́ńtì. Inú bí i sí bàbá rẹ̀ débi pé kò bá a jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni òun, tí ọkọ kan ṣoṣo tí òun rí fẹ́ bọ́ nítorí pé ó bọ̀wọ̀ fún àgbà jù. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ nìyẹn?

Lọ́jọ́ kejì, ó lọ tú ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀ fún Ìyá Tòún ní ṣọ́ọ̀bù. Ìyá Tòún jẹ́ kó sunkún tán kó tó dá ẹsẹ̀ dúró lórí ẹ̀rọ ìránṣọ.

“Ìwọ ò rántí bí ìyá ẹ ṣe ń kọrin, àbí?”

“Màmá mi? Màmá ò kọrin rí. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n máa ń jókòó sí.”

“O kéré nígbà yẹn. Ẹ̀gbẹ́ mi níbí ni Àyìnkẹ́ ń dúró sí. Tó bá ń kọrin, ṣe ló máa ń dijú. Tí bàbá ẹ bá ní ká dákẹ́, kò ní í rí ọwọ́ rẹ̀, á ṣì máa fà á lọ, òun nìkan. À á máa rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ Sátidé kan, a fẹ́ kọrin níwájú bíṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kejì, ara gbogbo wa gbóná. Ó tún ṣe é. Bàbá ẹ bá jágbe mọ́ ọn lójú gbogbo wa. Ó ní, ‘Àyìnkẹ́, ṣé afọ́jú ni ọ́ ni? Ìwọ lo máa ń ba gbogbo ẹ̀ jẹ́.’”

“Kí ni Màmá sọ?”

“Kò sọ nǹkan kan. Ó pa ìwé orin ẹ̀ dé, ó lọ jókòó sí ẹ̀yìn pẹ̀lú àwọn ìyá. Ibẹ̀ ló sì wà títí ọlọ́jọ́ fi dé.” Ìyá Tòún fi ẹ̀gbẹ́ aṣọ nu imú. “Nígbà tí Olùkọ́ nawọ́ sí wa lọ́jọ́sí tó ń retí, ó yé mi ní tèmi. Ẹyin lohùn, ọmọ mi. Bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.”

Ìbíyẹmí rìn lọ sílé lẹ́sẹ̀. Ó ń gbìyànjú láti rántí ohùn ìyá rẹ̀, bó ṣe ń pè é láti ẹ̀yìnkùlé, bó ṣe ń kí àlejò. Ó rántí. Àmọ́ kò rántí orin kankan, ìyẹn sì dùn ún wọra.

*

Síbẹ̀ kò fi Simeon sílẹ̀. Ìfẹ́ kì í gbọ́ ìtàn. Ó ní bàbá òun ló ṣe tirẹ̀, Simeon kì í ṣe bàbá òun. Nígbà tí ìyá Simeon wá láti Abẹ́òkúta láti kí i ní Dópẹ̀mú, Ìbíyẹmí ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀pà, ó wọ aṣọ ọlọ́rùn roboto, ó lọ kúnlẹ̀ kí i.

Ìyá náà yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. “Ó dáa, ó dáa. Ara ẹ balẹ̀. Simeon sọ fún mi pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni ọ́. Ọjọ́ orí tó yẹ obìnrin nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ọkùnrin lọ fẹ́ àgbàlagbà, ọdún kẹfà rèé, wọn ò rí ọmọ bí, ilé wọn ṣì ń dún gbọ̀ngbọ̀n. Mo ti búra pé irú ẹ̀ ò ní í wọlé mi mọ́.”

Ìbíyẹmí wo Simeon. Simeon ń wo ilẹ̀, ó ń fi àtàǹpàkò fa ìlà sórí kápẹ́ẹ̀tì.

Ó yẹ kó sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti dé etí ètè rẹ̀: Mà, mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mí, ọdún méjì ni mo fi ju ọmọ yín lọ. Ìyá náà ń rẹ́rìn-ín sí i. Ìbíyẹmí náà rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹ ṣé, mà.” Ó dákẹ́ síbi tí Simeon ti fi àyè sílẹ̀ pé kó dákẹ́ sí.

Ẹ̀bá títì ni wọ́n ti jà, níwájú àwọn tó ń ta páànù àti irin ìlẹ̀kùn.

“Ta ló ní kí o dín mi kù?”

“Yẹmí, ohùn ẹ ti ń lọ sókè.”

“Mo bi ọ́ ní nǹkan kan!”

“Mo bò ọ́ láṣìírí ni jàre. Ṣé o ò mọ Màmá ni? Tó bá mọ̀, kò ní í…”

“Àṣìírí wo? Ṣé mo jí ọjọ́ orí mi ni? Ṣé ẹ̀gbin wà lára rẹ̀ tó o fi ń bò ó?”

“Nítorí tiwa ni mo ṣe ṣe é.”

“O bi mí?”

Ojú Simeon dàbí ti ọmọ tí wọ́n nà, tí kò sì mọ ohun tó ṣe. Ká ní ó ṣe é pẹ̀lú ìwà ìkà ni, á rọrùn fún Ìbíyẹmí. Àmọ́ ó mọ̀ pé ìfẹ́ ló fi ṣe é, ó sì wá yé e ohun tí bàbá òun ní lọ́kàn nígbà tó ní irú wọn ló burú jù.

“Màmá mi pa ìwé orin dé, ó sì dákẹ́ títí ó fi kú,” ló sọ. “Mo dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan lónìí. Mi ò lè fi ṣe ìwà.”

Ó yí padà, ó lọ. Simeon pè é títí dé ìyànà, kò wo ẹ̀yìn. Ẹkún ò jẹ́ kó ríran.

*

Oṣù kọjá lórí oṣù. Simeon ṣì ń wá kọ tẹ́nọ̀, torí kò lè fi orin sílẹ̀. Ìbíyẹmí náà ṣì ń kọ áltò. Wọ́n ń wo ìwé bí ẹni tí wọ́n dè mọ́ ọn. Ìbíyẹmí ń rù. Ní ilé ìwé, ó máa ń dúró níwájú pátákó kó gbàgbé ohun tó fẹ́ kọ. Ó fẹ́ràn ọkùnrin náà síbẹ̀, ìyẹn ló mú kí ọ̀rọ̀ náà le.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, nígbà tí ọyẹ́ mú, Olùkọ́ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń bó ọsàn. Ìbíyẹmí jókòó tì í.

“Bàbá, ìlà yẹn. Màmá mi ni, àbí?”

Ọ̀bẹ dúró.

“Mo lé ohùn ìyá ẹ dànù, mo rò pé mo ń tún un ṣe ni. Nígbà tó lọ jókòó sẹ́yìn, mo ní inú ló ń bí i, á rọ̀. Kò bá mi jà o. Ó ń se oúnjẹ mi, ó ń bá mi rẹ́rìn-ín. Àmọ́ ohùn rẹ̀ kú kí òun fúnra rẹ̀ tó kú, n kò sì bẹ̀ ẹ́.” Ó wo ọsàn ọwọ́ rẹ̀. “Ìdí tí mo fi kọ̀ fún ọ nìyẹn. Mo mọ ọmọkùnrin yẹn dáadáa. Èmi nìyẹn nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́.”

“Mo ti fi í sílẹ̀, Bàbá. Kì í ṣe nítorí pé ẹ kọ̀.” Omi lé ròrò lójú rẹ̀, àmọ́ kò dákẹ́. “Nígbà tí Ìyá Tòún wá, ẹ bi mí kẹ́ ẹ tó dá a lóhùn? Ayé mi, orin ta ni? Ta ló ni ín? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣòfin pé ká máa bi onínǹkan, ẹ ò ṣe àgbélébùú kankan sétí tèmi. Ẹ kàn pa á rẹ́ ni.”

Ẹnikẹ́ni ò bá Olùkọ́ sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí láyé. Ìbíyẹmí ń retí pé kó jágbe. Olùkọ́ bó ọsàn náà tán, ó gé orí rẹ̀, ó sì nà án sí ọmọ rẹ̀.

Lọ́jọ́ Túsìdeè, lẹ́yìn tí wọ́n kọ́ orin tán, Olùkọ́ pe Simeon, ó gbé orin tí wọn kò kọ lọ́jọ́ àjọ̀dún fún un, ó ní kó tún un dà kọ fún ọjọ́ Ìkórè.

*

Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan tí Simeon fi wá sílé. Ìbíyẹmí ló ṣílẹ̀kùn fún un. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Olùkọ́, ó ṣí ìwé náà. Àgbélébùú kékeré kan wà létí rẹ̀.

“Sà, mo fẹ́ béèrè nǹkan kan. Ohùn tẹ́nọ̀ níbí, kò sí ìlà kóńkó lábẹ́ lẹ́tà. Bó ṣe wà yìí, òkè téńté ni ohùn máa fò lọ. Ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe fẹ́ ẹ ni, sà?”

Olùkọ́ gbé ìgò ojú wọ̀. Ó wò ó. Ìbíyẹmí rí i pé ojú tì í, pé ó sì ń bá ìtìjú náà jà.

“Rárá,” ló wí nígbẹ̀yìn. “Ojú mi ni. Mo gbàgbé rẹ̀.”

“Ṣé kí n fà á sí i, sà?”

“Fà á sí i. O ṣé tó o béèrè.”

Nígbà tí Ìbíyẹmí sìn ín jáde, Simeon dúró létí ògiri, ó ń ká ìwé ọwọ́ rẹ̀, ó ń tú u.

“Mo lọ sí Abẹ́òkúta. Mo sọ ọjọ́ orí ẹ fún Màmá, mo sì sọ pé èmi ni mo purọ́, kì í ṣe ìwọ. Wọ́n ní ṣé obìnrin tán nílẹ̀ Ẹ̀gbá ni. Wọ́n ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́.” Ó gbójú sókè. “Mi ò bò ó, Yẹmí, bó ṣe wà nìyẹn. Mi ò mọ bá a ṣe máa ṣe é. Mo wá bi ọ́ ni.”

Ọkàn Ìbíyẹmí fẹ́ sáré jáde lọ bá a. Ó dì í mú. Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, ekòló a máa dẹ́rù bà á.

“Lẹ́yìn Ìkórè, mà á dá ọ lóhùn.”

Simeon fẹ́ sọ nǹkan kan. Ó gbé e mì. “Ó dáa.”

Ọjọ́ Ìkórè, ṣọ́ọ̀ṣì kún fún iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n tò síwájú pẹpẹ. Ìyá Simeon ò wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ rẹ̀ ránṣẹ́ pè é. Olùkọ́ gbé ọwọ́ sókè, wọ́n bẹ̀rẹ̀. Wọ́n dé “Olúwa, a ṣì wà.” Sopránò dákẹ́, tẹ́nọ̀ dákẹ́, báàsì dákẹ́. Áltò nìkan ló kù, wọ́n ń fà á lọ.

Ó yẹ kí ọwọ́ òsì Olùkọ́ wálẹ̀ níbi tí ìlà náà parí sí. Kò wálẹ̀. Olùkọ́ ti dijú. Èémí àwọn obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí tán, wọ́n ń jábọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá Tòún ló jábọ́ kẹ́yìn, ó sì yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láti nu omi ojú. Ìbíyẹmí nìkan ló kù nínú gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ńlá yẹn. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ó gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀, ẹnu òun fúnra rẹ̀ ló sì ti ń jáde.

Tẹ́nọ̀ ló kàn, Simeon ló sì gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ìlù orin náà ti kọjá ibi tó yẹ kó wọlé. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fi ìgúnpá gún un. Àwọn ìjọ ti ń wo ara wọn. Simeon kò ranjú mọ́ Olùkọ́, Ìbíyẹmí ló ń wò. Ọkùnrin tí kì í jẹ́ kó parí gbólóhùn rí, ó pa ẹnu dé, ó ń dúró dè é. Ìbíyẹmí rí i. Ó fa ohùn náà títí ó fi tó o, òun fúnra rẹ̀ ló sì dákẹ́ nígbà tó wù ú. Lẹ́yìn náà ni Simeon wọlé.

Nígbà tí wọ́n jáde, wọ́n bá ara wọn lábẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì.

“O dúró,” ni Ìbíyẹmí sọ.

“Mo dúró.”

“Nígbà tí wọ́n bá béèrè ọjọ́ orí mi fún ìwé ìgbéyàwó, ọgbọ̀n ọdún ni mí. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.”

Ojú Simeon tàn, ó sì tún ṣókùnkùn. “Yẹmí, Màmá ò tíì gbà o. Mo lè ní kí ẹ̀gbọ́n mi…”

“Mi ò tíì sọ̀rọ̀ tán.”

Simeon pa ẹnu dé, ó sì ń retí rẹ̀.